Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Aro gan-an?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá jókòó. Thread yìí máa gùn díẹ̀, ẹ lọ bu omi mu kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo abẹ́ ọ̀rọ̀ èyíkéyìí tó bá gbóná lórí app yìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò bá ti bá wa lára mu, ọmọ Èkó á kọ ọ́ sí i lábẹ́ pé "Yaba left". Ọmọ Abẹ́òkúta á ní "ẹ tètè gbé eléyìí lọ sí Aro". A ó fi emoji ẹ̀rín mẹ́ta sí i, a ó kọjá lọ.

Mi ò wá bá yín jà lórí àwàdà o. Ohun tó ń ká mi lára ni pé a ti sọ Yábàá àti Aro di ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ò jọra. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ìjọba òyìnbó ń kó àwọn tí orí wọn dàrú pamọ́ sí, kí ìgboro lè dákẹ́. Èkejì ni ibi tí ọmọ bíbí Abẹ́òkúta kan ti dán nǹkan kan wò lọ́dún 1954, tí àwọn dókítà sì ń ti òkè òkun wá wò ó. Nǹkan ọ̀hún ò ní ẹ̀rọ nínú. Ó kàn ní kí aláìsàn má dá wá ni. Kó mú ẹbí ẹ̀ kan dání.

Ẹ jẹ́ kí n ti ẹ̀yìn bọ̀.

Lọ́dún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí asylum Yábàá. Ti Kàlàbá ti wà díẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Ẹ má rò pé ilé ìwòsàn gidi ni o. Kò sí dókítà kankan níbẹ̀ tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Dókítà ìjọba tó ní iṣẹ́ míì lọ́rùn ló ń yà wò wọ́n. Òfin tí wọ́n fi ń mú èèyàn lọ síbẹ̀ ń jẹ́ Lunacy Ordinance, orúkọ yẹn nìkan sì ti tó láti mọ ohun tó wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Tó o bá ń ṣàìsàn jẹ́jẹ́ nínú yàrá bàbá ẹ, kò kan ìjọba. Ọjọ́ tó o bá jáde síta, tó o bọ́ aṣọ, tó o ń sọ̀kò lójú títì, ọjọ́ yẹn ni ìjọba máa tó mọ̀ pé o wà láyé. Ọlọ́pàá ló máa mú ẹ, adájọ́ ló máa sọ ibi tó o máa sùn. Tí Yábàá bá sì kún (ó ń kún ṣáá ni), ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kó àwọn tó kù lọ. Èèyàn tí kò jalè, tí kò pààyàn, á wà nínú ẹ̀wọ̀n tórí pé ara ẹ̀ ò yá.

Àwọn òyìnbó fúnra wọn mọ̀ pé ó burú. Lọ́dún 1936, dókítà wọn kan tó ń jẹ́ Robert Cunyngham Brown wá yẹ àwọn ibi wọ̀nyí wò. Ó kọ ìròyìn tó jáde ní 1938, kò sì fi bò rárá pé ohun tó rí níbẹ̀ ò dáa. Wọ́n ka ìròyìn yẹn, wọ́n tọ́jú ẹ̀. Owó ò tẹ̀ lé e.

Ó dáa. Mo mọ ohun tí àwọn kan ti ń tẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀: "Ṣé ẹ rí i, kí òyìnbó tó dé, a mọ bí a ṣe ń tọ́jú àwọn èèyàn wa." Ẹ ṣe jẹ́jẹ́.

Òótọ́ ni pé a ní àwọn oníṣègùn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wèrè nìkan ni iṣẹ́ ìdílé wọn. Ilé wọn ni wọ́n ń gbé aláìsàn wá, ibẹ̀ ló máa wà fún oṣù mẹ́ta, mẹ́fà, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà léèrè nípa àbà. Igi ńlá ni, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á ki ẹsẹ̀ aláìsàn bọ̀ ọ́, kò ní lè lọ síbì kankan. Ṣẹkẹṣẹkẹ náà wà. Ẹgba náà wà. Ẹni tó bá ń bú ará ilé tàbí tó ń lu èèyàn, wọ́n á dè é títí ara ẹ̀ á fi wálẹ̀. Èmi ò lè jókòó síbí kí n máa pe ìyẹn ní àánú tórí pé tiwa ni.

Àmọ́ wọ́n mọ nǹkan. Ewé kan wà tó ń jẹ́ asofẹ́yẹjẹ (ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: a-so-fún-ẹyẹ-jẹ, orúkọ mà dùn). Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Rauwolfia vomitoria. Egbò ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ń fún aláìsàn tí kò lè sùn, tó ń pariwo tọ̀sán tòru. Á sùn. Wàyí o, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yọ oògùn kan tó ń jẹ́ reserpine lára ìbátan ewé yìí tó ń hù ní Íńdíà, ni wọ́n bá ń fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Reserpine yẹn wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa náà. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó ṣiṣẹ́ ní Aro ní òpin àwọn ọdún 1950, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960 pé àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ń lò ó.

(Kí ẹnikẹ́ni má lọ wa egbò lẹ́yìnkùlé o! Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi tó lè gbẹ̀mí èèyàn, ó sì lè mú kí ọkàn èèyàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an. Ìtàn ni mò ń sọ, mi ò kọ oògùn fún yín.)

Nǹkan kejì tí Prince rí ni mo fẹ́ràn jù. Tí aláìsàn bá ti gbádùn, oníṣègùn kì í kàn sọ pé "ó tó, máa lọ ilé." Wọ́n máa ń mú un lọ sí odò. Wọ́n á fá orí ẹ̀, wọ́n á fi ẹyẹlé ṣètùtù, aṣọ tó fi ṣàìsàn á bá omi lọ, á wọ òmíràn. Àwọn ẹbí á wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo èyí ń sọ ni pé àìsàn yẹn ti lọ, ẹni yìí ti padà sọ́dọ̀ wa. Ẹ ro ìyẹn wò. Lóde òní, èèyàn á lo oògùn ọdún méjì, ara ẹ̀ á yá, á máa ṣiṣẹ́, á máa san owó ilé, síbẹ̀ ìyá àfẹ́sọ́nà ẹ̀ á ní "ṣé kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé lọ sí Aro nìyẹn?" Kò sí odò kankan tí a mú un lọ.

Ìgbàgbọ́ kan sì wà tó burú ju àbà lọ. Àwọn àgbà ní wèrè tó bá ti wọ ọjà, ó ti bọ́ nìyẹn. Kò ṣeé wò mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹbí fi ń sáré ti ọmọ wọn mọ́lé: wọn ò fẹ́ kó dé ọjà. Tó bá sì ti wọ ọjà, ọ̀pọ̀ ń jáwọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta wàyí.

Lóṣù kẹrin ọdún 1944, ogun Hitler ṣì ń lọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun wa tí orí wọn dàrú lójú ogun ń padà bọ̀ nílé, kò sì sí àyè fún wọn ní Yábàá. Ìjọba wá wo ibì kan ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó wọn síbẹ̀. Kí ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Ẹ ti jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹ gbélé, ẹ gba ẹ̀wọ̀n tí wọ́n kun ní ọ̀dà tuntun. Láti ibẹ̀ ni ìtàn ilé ìwòsàn Aro ti bẹ̀rẹ̀, Lántòrò sì wà lára ilé ìwòsàn yẹn títí dòní. Nígbà tó yá, ìjọba ní àwọn máa kọ́ ilé ìwòsàn tuntun sí Aro, létí ìlú.

Ibẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti wọlé. (Ẹ má bínú pé mò ń pe bàbá ní "ó" o. Tí mo bá ń sọ "wọ́n" fún wọn nínú ìtàn tí èrò pọ̀ tó báyìí, ẹ ò ní mọ ẹni tí mò ń bá wí.)

Ọmọ Abẹ́òkúta ni. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1923, Baptist Boys' High School ló lọ, ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Birmingham, ó tún kọ́ nípa àìsàn ọpọlọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1954 ó gba Aro, ó di ọ̀gá níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọgbọ̀n ọdún lórí app yìí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, èmi náà wà lára wa.

Ìṣòro tó kọ́kọ́ bá a ni pé ilé ìwòsàn ọ̀hún ò tíì parí. Àwọn aláìsàn wà, bẹ́ẹ̀dì ò sí. Ẹlòmíì á kọ lẹ́tà sí ìjọba, á jókòó de èsì. Lámbò gba inú igbó jáde, ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Abúlé mẹ́rin ni. Ohun tó bá wọn sọ kò le: ẹ gba àwọn aláìsàn mi sílé yín, wọn ò ní dá wá, ẹbí wọn á bá wọn wá, wọ́n á máa san owó yàrá.

Wọ́n gbà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó ṣe rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má parọ́, owó wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ tó ní yàrá méjì lófìfo á rí owó ilé gbà lóṣooṣù. Ilé ìwòsàn tún ń yá àwọn onílé lówó kí wọ́n lè fi kọ́ yàrá kún yàrá. Omi ẹ̀rọ dé abúlé, wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá, wọ́n gbógun ti ẹ̀fọn. Àwọn ará abúlé rí èrè àìsàn ẹlòmíì, èmi ò sì rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Mo tiẹ̀ rò pé ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́. Tó bá jẹ́ wáàsù nìkan ni Lámbò lọ ṣe fún wọn pé kí wọ́n ṣàánú, ọ̀sẹ̀ méjì ni, wọ́n á ti rẹ̀.

Báwo ni ọjọ́ kan ṣe ń lọ? Lówùúrọ̀, ẹbí á mú aláìsàn ẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú ìgbà yẹn: àwọn oògùn tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde bíi chlorpromazine, àti èyí tí wọ́n ń fi iná mànàmáná ṣe sí orí. (Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ewé àti orin nìkan ni Lámbò fi ń wo èèyàn. Dókítà ni. Ó lo ohun tí àwọn dókítà ìgbà ẹ̀ ń lò, pẹ̀lú àwọn kan tí a ò ní fẹ́ rí lónìí.) Tó bá di ọ̀sán, wọ́n á padà sí abúlé. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní nọ́ńbà kan. Wọ́n á lọ sóko, wọ́n á ro àmàlà, wọ́n á bá onílé ṣeré. Tí ọmọ bá balẹ̀ nílé kejì, wọ́n á gbọ́ ìró ìlù ìsọmọlórúkọ. Nọ́ọ̀sì náà ń yọjú wò wọ́n lábúlé.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹbí yìí, torí òun gan-an ni mo ṣe ń kọ thread yìí.

Yorùbá ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. A máa ń fi òwe yẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi etí ìyá gbọ́ ọ. Ìwọ tó ń wòran, eré ni lójú ẹ. Èmi tí mo bí i ńkọ́? Ìyá yẹn ni asylum Yábàá ò ní ohun tó fẹ́ bá a ṣe. Tí wọ́n bá ti mú ọmọ ẹ̀ wọlé, iṣẹ́ ẹ̀ parí, kó máa lọ ilé kó lọ máa sunkún. Ìyá kan náà ni Lámbò sọ pé kò lè ṣe é láìsí i. Ẹbí tó bá aláìsàn wá sí Aro ló ń se oúnjẹ fún un, tó ń fọ aṣọ ẹ̀, tó ń mú un lọ mú un bọ̀. Ó lè jẹ́ ìyá, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ àbúrò bàbá.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ṣe. Dókítà ń béèrè pé ìgbà wo ni àìsàn yìí bẹ̀rẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níwájú ẹ̀. Oògùn ń ṣiṣẹ́, ìyá ń fi ojú ara ẹ̀ rí i pé àìsàn ni, pé ayé kọ́ ló dì í lọ́wọ́, tàbí tó bá tiẹ̀ gbà pé ayé ni, ó ti rí i pé oògùn ń rà á padà. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, ìyá mọ oògùn tó ń lò, ó mọ àmì tó máa kọ́kọ́ yọ tó bá fẹ́ tún dé. Aláìsàn ọ̀hún náà ò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé láàárín èèyàn, torí kò fìgbà kan kúrò láàárín èèyàn. Kò sí ọjà tó wọ̀ lọ.

Ìlú kan wà ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ Geel, láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń gba aláìsàn ọpọlọ sílé. Àwọn èèyàn máa ń fi Aro wé e. Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n ní Geel, ọ̀dọ̀ àlejò ni aláìsàn ń lọ gbé. Ní Aro, ẹbí ẹ̀ ló bá a wá.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè kan tí mi ò rí kí àwọn tó ń yin Aro béèrè tó. Ìyá tó fi ọjà ẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ta ló ń bá a ta ata? Ọmọ kékeré tó fi sílẹ̀ nílé, ta ló ń wẹ̀ ẹ́? Lámbò fi hàn pé ìtọ́jú abúlé dín owó kù ju kíkọ́ wọ́ọ̀dù lọ, òótọ́ sì ni. Àmọ́ ara ohun tó fi dínkù ni pé ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì láìgba owó oṣù, ẹ sì mọ ẹni tó sábà máa ń jẹ́ nínú ilé wa. Ẹni tí kò ní ẹbí tó lè yọ̀ǹda ara ẹ̀ ńkọ́? Mi ò sọ èyí láti ba iṣẹ́ bàbá jẹ́. Mo sọ ọ́ torí pé tí a bá fẹ́ tún un ṣe lónìí, ìyá yẹn ni kí a kọ́kọ́ kọ orúkọ ẹ̀ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ nínú ayé nígbà yẹn, kí ẹ lè mọ bí ohun tí Lámbò ṣe ṣe lágbára tó. Lọ́dún 1953, ọdún kan péré ṣáájú Aro, àjọ WHO gbé ìwé kan jáde tí dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ J. C. Carothers kọ. Kẹ́ńyà ni Carothers ti ṣiṣẹ́. Nínú ìwé yẹn ló ti fi ọpọlọ ọmọ Áfíríkà wé ti òyìnbó tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ gé apá iwájú ọpọlọ ẹ̀. Mi ò fi kún un. WHO ló tẹ̀ ẹ́ jáde!

Lámbò kọ ìwé lóríṣiríṣi láti ta ko irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé àìsàn ọpọlọ kan náà ló ń ṣe ọmọ ènìyàn níbi gbogbo, ilé tó ti wá àti ohun tó gbà gbọ́ ló ń fún un ní aṣọ tó wọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ ohùn ní Lọ́ńdọ̀nù lè sọ pé rédíò ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Tiwa á ní àjẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tó fi pe àwọn oníṣègùn wá sí Aro.

Ibí yìí ni ìtàn ti máa ń dàrú lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n á ní "Lámbò pe babaláwo kó wá máa wo wèrè nínú ilé ìwòsàn." Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn tó gbà síṣẹ́ ò sí nídìí oògùn ilé ìwòsàn. Wọ́n wà pẹ̀lú àwọn aláìsàn lábúlé, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ń darí ijó àti ìpàdé, wọ́n sì ń ran àwọn dókítà lọ́wọ́ láti mọ ohun tí aláìsàn ní lọ́kàn. Tí èèyàn bá gbà pé orogún ìyá òun ló sé orí òun, tó o bá ń rẹ́rìn-ín sí i, á panu mọ́. Oníṣègùn ò ní rẹ́rìn-ín. Mélòó nínú àwọn dókítà wa òde òní ló lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn parí láìwo aago?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jápa, tiyín náà wà nínú ìtàn yìí. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàìsàn ọpọlọ, àwọn kan le débi pé wọ́n ní láti dá wọn padà sílé. Òtútù, àìlówó, ẹ̀yà-mẹ̀yà, ìdánwò, ẹbí tó ń retí kóo di lọ́yà. Ìjọba rán Lámbò lọ síbẹ̀ láti wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹ tún to yẹn sọ́kàn nígbà míì tí ẹnì kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn jẹ́ nǹkan tí Gen Z gbé dé.

Lọ́dún 1961, Abẹ́òkúta gba àlejò. Ibẹ̀ ni ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ gbogbo Áfíríkà ti wáyé. Lọ́dún yẹn kan náà ni Alexander Leighton àti àwọn ènìyàn ẹ̀ láti Yunifásítì Cornell bá àwọn ará Aro ṣe ìwádìí lágbègbè Abẹ́òkúta, ìwé tó tibẹ̀ jáde ní 1963 sì ní Lámbò lára àwọn tó kọ ọ́. Ọdún 1963 náà ni Lámbò lọ sí Yunifásítì Ìbàdàn, Dókítà Tolani Asuni sì gba Aro. Lẹ́yìn náà Lámbò di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ó wá lọ sí WHO, ó di igbákejì olùdarí àgbà níbẹ̀ láti 1973 sí 1988. WHO kan náà tó tẹ ìwé Carothers o. Ó kú lọ́dún 2004.

Nǹkan kan tún kù nípa Ìbàdàn. WHO ṣe ìwádìí ńlá kan lórí schizophrenia ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Ìbàdàn wà lára ẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù wà níbẹ̀, Mọ́síkò wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn ti Ìbàdàn wà lára àwọn tí ara wọn yá jù, àwọn pẹ̀lú ti Agra ní Íńdíà àti Cali ní Kòlóḿbíà. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìdí ẹ̀ títí dòní. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n mo ní èrò tèmi, ẹ sì ti mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí wa?

Ilé ìwòsàn Aro ṣì wà, ó ti tóbi, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ dókítà ọpọlọ wa ti kọ́ṣẹ́. Àmọ́ ohun tí Lámbò gbé dìde láti lé lọ ò lọ. Lóṣù kọkànlá 2019, Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lẹ́yìn tí wọ́n wo ibi méjìdínlọ́gbọ̀n káàkiri Nàìjíríà. Wọ́n rí ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ aláìsàn nílé oníṣègùn. Wọ́n rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n rí i lọ́dọ̀ àwọn àlùfáà mùsùlùmí. Wọ́n rí i níbi tí ìjọba fúnra ẹ̀ ń darí. Àbà ò kúrò, ó kàn pààrọ̀ onílé ni.

Òfin ńkọ́? Lunacy Act tó wà nínú ìwé òfin wa láti 1958, ọmọ Lunacy Ordinance òyìnbó yẹn náà ni. A gba òmìnira, a yí owó padà, a yí orin orílẹ̀-èdè padà, a kó olú-ìlú kúrò l'Ékòó, a ò fọwọ́ kan òfin yẹn. Oṣù kìíní 2023 ni ààrẹ tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin yẹn ní aláìsàn ní ẹ̀tọ́, ó sì fòfin de fífi ìwà ìyà jẹ wọ́n. Ó dára. Ṣùgbọ́n òfin ò ní abúlé nínú, kò ní onílé, kò ní ẹni tó máa yá àgbẹ̀ lówó láti fi kọ́ yàrá kan kún ilé ẹ̀.

Ohun tí mo ń wá nìyí, ìdí tí mo sì fi gbé thread yìí síta dípò kí n kàn fi sínú fóònù mi. Ìwé pọ̀ lórí Lámbò. Àwọn òyìnbó kọ, àwa náà kọ. Ṣùgbọ́n mi ò tíì ka ibi tí onílé kan ti sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀. Àwọn ìyá àti bàbá abúlé tó gba àlejò tí orí ẹ̀ dàrú sílé, tí ọmọ wọn bá a jẹun nínú abọ́ kan náà, kí ni wọ́n rí? Ṣé ẹ̀rù bà wọ́n lóru ọjọ́ kìíní? Ṣé àwọn aláìsàn kan padà wá kí wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?

Tó o bá jẹ́ ọmọ agbègbè Aro, tí ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà ẹ ṣì wà láyé, jọ̀ọ́, bi wọ́n léèrè lọ́sẹ̀ yìí. Gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù tí wọ́n bá gbà. Má kọ orúkọ aláìsàn kankan. Ohun tó o bá rí gbọ́, wá sọ ọ́ lábẹ́ ibí. Mo máa kà gbogbo ẹ̀.